Ọwọ́ Ìyá Máa-Bọ̀

Abẹ́ fèrèsé mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń yọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, torí ẹni tó bá ń rán aṣọ dúdú nínú òkùnkùn, ojú ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn gan-an sì ni ọ̀nà tóóró tí Dẹ̀rẹ́bà ń gbà wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́. Tí mo bá gbójú kúrò lórí aṣọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni mo máa rí. Ṣé kí n wá dijú ni?

Dẹ̀rẹ́bà ni gbogbo wa ń pè é, torí iṣẹ́ takisí ló ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń nu ọkọ̀ rẹ̀ kó tó nu bàtà ara rẹ̀, tí èrò bá sì bú u, yóò ní kí wọ́n máa lọ ire. Ìyàwó rẹ̀ ni ojúgbà mi, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi. Òun là ń pè ní Ìyá Máa-Bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ògiri ilé tiwa wà lápá kan, ti aládùúgbò wà lápá kejì, gọ́tà tí kò ní ìdérí sì bá a lọ títí dé òpin. Ní òpin yẹn ni ilé wọn wà, ògiri kan báyìí tó ní ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò lè yí padà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọjú wọlé nírọ̀lẹ́, ìdí ni yóò fi jáde sí títì láàárọ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Dẹ̀rẹ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní awakọ̀ tó bá gbọ́n, ìrọ̀lẹ́ ló ti ń tún ọ̀nà àárọ̀ ṣe. Nítorí náà ìdí ló fi ń wọlé, yóò sì kọ́kọ́ ká dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra kí ògiri má baà gbá wọn já. Tó bá sì ti ká wọn, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá di ojú ẹ̀yìn fún un. Nígbà tí ara ṣì le, ẹnu ló fi ń ṣe é. Á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á máa pariwo "Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀," títí àdúgbò fi fi sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn ọkọ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ tó fi ẹnu ìwọ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti wọlé tán, ó ti tún di ẹ̀yin nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó bá fi ọwọ́ rọ́pò ẹnu. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé búùtù, á máa lù ú, pá, pá, pá, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀. Òfin tó ṣe fún ọkọ rẹ̀ kò le rárá: "Tí ẹ bá ń gbọ́ ọwọ́ mi, ẹ máa bọ̀. Tí ẹ ò bá gbọ́ mọ́, ẹ dúró." Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ògiri ilé wọn, ọwọ́ á dákẹ́, ọkọ̀ á dúró. Àyè tó máa ń kù láàárín bọ́ńpà àti orúnkún rẹ̀, ewúrẹ́ tó sanra kò lè gbà á kọjá.

Òfin tó dáa ni, mi ò ní purọ́. Tó bá ṣubú, tó bá rẹ̀ ẹ́, tí nǹkan kan bá dí i lọ́wọ́, ọwọ́ á dákẹ́, ìdákẹ́ náà á sì dá ọkọ̀ dúró. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin ń fi ẹ̀yìn rìn láàárín irin àti ògiri, kò sì sí ibi tó lè yà sí àfi inú gọ́tà. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ ẹ máa gbá ẹ mọ́ ògiri lọ́jọ́ kan." Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Kó kọ́kọ́ gbá mi mọ́ra ná, ká tó sọ ti ògiri."

Bó ṣe wà nìyẹn kí ọkọ̀ tuntun tó dé. Dáwódù wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ló rà á fún bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà á wá. Wọ́n ti ri ojú róbótó mẹ́rin sínú bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀, kámẹ́rà kan sì wà lókè nọ́ńbà. Tí wọ́n bá ti fi jíà sí rìfáàsì, àwòrán ẹ̀yìn á yọ lójú dígí pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, tòun ti ìlà aláwọ̀ ewé, ìlà aláwọ̀ ìyeyè àti ìlà pupa. Àwọn ojú mẹ́rin yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tí nǹkan bá ṣì jìnnà, wọ́n á ké píì, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún ké. Tó bá ń súnmọ́, wọ́n á máa yára, píì-píì-píì. Tó bá ti dé ìtòsí tán, á di píììì kan ṣoṣo tí kì í dáwọ́ dúró.

"Màmá," Dáwódù sọ, tòun ti ẹ̀rín, "iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò ní dúró lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́."

Ó rò pé inú ìyá òun máa dùn. Ìyá Máa-Bọ̀ wo ọkọ̀ náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ta ló ní ó rẹ òun?" Nígbà tó gòkè wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó ń fi ìka fa òwú já lára aṣọ tí mi ò tíì rán tán, mo sì gba aṣọ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aránṣọ," ó ní, "nínú ilé, tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn á ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn nìkan ló ti ń gbọ́ mi. Tí mo bá ní kó dúró, á dúró. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó dúró gba omi mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dán an wò. Ìyá Máa-Bọ̀ dúró sínú ilẹ̀kùn wọn, ó ká ọwọ́ gbera. Dáwódù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dẹ̀rẹ́bà ká dígí mọ́ra, ó fi jíà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Píì. Píì. Ó ń bọ̀ tààrà bí òwú tí wọ́n nà, inú mi sì dùn, mo ní a ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Píì-píì-píì. Mo rò pé á rọra nígbà yẹn. Kàkà kó rọra, ó yára sí i. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kánjú ké, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kánjú bọ̀, àfi gbàgà lára ògiri.

Bọ́ńpà tuntun là. Dẹ̀rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ajá ilé rẹ̀ bù jẹ.

"Bàbá," Dáwódù ní, "ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n máa bọ̀."

"Ó ní kí ẹ dúró ni."

"Ta ló ń pariwo nítorí kí èèyàn dúró?" Dẹ̀rẹ́bà ní. Inú ń bí i díẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n dúró, ńṣe ló máa dákẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́nà yẹn, ariwo ni máa bọ̀, ìdákẹ́ ni dúró. Ẹ̀rọ yìí wá yí i po: ariwo ni dúró, ìdákẹ́ ni máa bọ̀. Ẹni tó ń fojú àná wòkú, ẹbọra ní í bọ́ ọ láṣọ. Ti àwòrán inú dígí ńkọ́? Kò wò ó rárá. Etí ló ti ń fi wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tó bá ń fi ẹ̀yìn wọlé, iwájú ló máa ń wò, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn.

Dáwódù padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba ìlérí lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé kò ní dé ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbójú sókè, Ìyá Máa-Bọ̀ náà ló tún wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ó ní bọ́ńpà kan ti tó.

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ṣé ẹ rí i, àwọn ojú mẹ́rin yẹn kò mọ̀ pé aya ilé ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ni wọ́n rí, wọ́n sì ń ké láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri, píììì, láìsinmi, torí ìyàwó Dẹ̀rẹ́bà kò kúrò níwájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ké ni òun náà ń lu búùtù. Dẹ̀rẹ́bà kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn ẹ̀rọ náà, ojú sì ń tì í láti bi ọmọ rẹ̀. Ó kàn kọ́ etí rẹ̀ láti fo ohùn yẹn dá. "Ìyàwó mi ló ń kí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo dá a dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn wa.

"Dẹ̀rẹ́bà, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọwọ́ ìyàwó yín nínú ariwo yẹn?"

"Mo ń gbọ́ ọ."

"Tó bá wá dákẹ́ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa gbọ́ ìdákẹ́?"

Ó ronú sí i, mo rí i pé ó ronú sí i. Ó wá ní, "Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán aṣọ yín."

Inú bí mi burúkú. Mi ò kí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ tí mo fẹjọ́ sùn ní kí n fi ọkọ òun sílẹ̀, pé òun mọ bí òun ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi rí ohun tí kò sọ. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń ro ó. Ó ti ń fi ọwọ́ kan gbá ògiri mú bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò sì tètè ń kúrò nílẹ̀ mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá ti dé, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ mi, mi ò ní lè rán nǹkan kan títí ọwọ́ á fi dákẹ́ tí mo bá rí i pé ó ṣì wà lóòró.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. Mo ń lọ ṣòkòtò kan lẹ́bàá fèrèsé, áyọ́ọ̀nù ti gbóná dáadáa. Mo gbọ́ ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tó ká dígí ọ̀tún, tó ká ti òsì. Ẹrẹ̀ ti bo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, kámẹ́rà ì báà jẹ́ ojú ẹyẹ àṣá, kò lè rí nǹkan kan. Ìyá Máa-Bọ̀ jáde tòun ti agbòjò lọ́wọ́ òsì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé búùtù. Kò wá sí ọwọ́ tó máa fi gbá ògiri mú.

Mo ṣí fèrèsé. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó wọlé lọ, kí ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ sí títì títí òjò á fi dá. Kó tó dé ẹnu mi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Pá, pá, pá. Píììì. Ọkọ̀ ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ń fi ẹ̀yìn lọ, omi ń ṣàn kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà.

Agbòjò ni mo kọ́kọ́ rí. Ó já bọ́ sínú gọ́tà, omi gbé e yí. Mo wo ibi tó yẹ kí orí ọ̀rẹ́ mi wà, mi ò rí i. Ó ti ṣubú, ọwọ́ ti dákẹ́, ọkọ̀ sì ń bọ̀.

Èmi gbọ́ ìdákẹ́ yẹn láti òkè. Nínú ọkọ̀, kò sí ìdákẹ́ kankan. Ẹ̀rọ ń ké píììì tó ń ké lójoojúmọ́, òjò sì ń lu òrùlé ọkọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, pá, pá, pá, pá. Kí ni kó tún fi mọ̀? Gbogbo ohun tó ń gbọ́ ló ń sọ fún un pé kó máa bọ̀. Mo pariwo, "Dẹ̀rẹ́bà, ẹ dúró." Mo tún pariwo. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wà lókè, Dẹ̀rẹ́bà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ́ ìròyìn tirẹ̀. Bọ́ńpà ti kọjá lórí ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́ àfi bàtà kan.

Mo fa wáyà áyọ́ọ̀nù já, mo sì ju áyọ́ọ̀nù lu bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ dúró. Dẹ̀rẹ́bà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ń wo òkè, ẹnu rẹ̀ ń ṣí láti bi mí bóyá mo ti ya wèrè. Mo ní, "Ìyàwó yín. Ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn." Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo débẹ̀, Dẹ̀rẹ́bà ti kó sínú gọ́tà, ó ń fi ara wọ́ láàárín ọkọ̀ àti ògiri, èmi náà kó sínú rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Táyà ẹ̀yìn ti gun ẹsẹ̀ ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi, ó sì wà lórí ẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Máa-Bọ̀ kò ké. Ó fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń wo táyà náà. Dẹ̀rẹ́bà kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ gbé ọkọ̀.

"Ẹ yéé gbé e," ìyàwó rẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ lọ wà á síwájú."

Ọkọ rẹ̀ kò fi bọ́ńpà sílẹ̀. Mo gbá a léjìká, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó ní kí ẹ ṣe?" Ó padà gba inú gọ́tà lọ. Èmi di orí ọ̀rẹ́ mi mú sórí itan mi. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì. Iná pupa tàn lẹ́yìn ọkọ̀, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Lẹ́yìn náà ni iná funfun tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rìfáàsì ló fi sí. Ní ọ̀nà yẹn, nírọ̀lẹ́, jíà kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ ké, píììì. Ìyá Máa-Bọ̀ di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ inú ẹran ara mi. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì yẹn, ó parí.

Iná pupa kò kú. Ẹ̀rọ ń ké, ọkọ̀ kò mira. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú níbẹ̀ bí ẹni pé mo jókòó tì í: ó ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dé, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Iná funfun kú. Ẹ̀rọ dákẹ́. Iná pupa kú, ọkọ̀ sì rọra lọ síwájú.

Egungun ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, àwọn dókítà fi irin sí i. Orí ló yọ ọ́, ohun tí gbogbo èèyàn sọ nìyẹn, èmi náà sì sọ ọ́. Dáwódù wá, ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí ìyá rẹ̀ tó da ìlérí, ó wá yíjú sí mi láti dúpẹ́, mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ohun tó rà. Ó ní kí bàbá òun fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà kò jiyàn. Títì ló ń gbé ọkọ̀ sí, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó ń se oúnjẹ fún ìyàwó rẹ̀, ó ń fọ aṣọ, tí ó bá sì fẹ́ kọjá lọ́nà yẹn, á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà yẹn. Mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo ń wọn aṣọ tí kò ní há a níbi ẹsẹ̀ tó wú.

"Títí dìgbà wo ni ọkọ̀ á fi máa sùn síta?" ó bi í.

"Mi ò lè wà á wọbí mọ́," Dẹ̀rẹ́bà ní. "Mi ò gbọ́ ọ. O dákẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé mi sínú ọkọ̀."

Mo sáré gòkè lọ sídìí fèrèsé mi. Mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ọ̀pá wà láàárín itan rẹ̀, gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ti nu ojú kámẹ́rà kó tó wọnú ọkọ̀. Dẹ̀rẹ́bà ká dígí mọ́ra, ó wo iwájú, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Máa-Bọ̀ ní tirẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó gbé ojú lé àwòrán àti àwọn ìlà yẹn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó iwájú ọkọ̀. Pá, pá, pá. Ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ké píì, ọwọ́ ń lọ. Nígbà tó di píì-píì-píì, ọwọ́ rọra. Bó ṣe di píììì, ọwọ́ dákẹ́, ọkọ̀ sì dúró, kò sì sí ẹnì kankan láàárín òun àti ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí di báyìí. Tí Dẹ̀rẹ́bà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, á pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn á fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ dúró dè é, á sì wọlé sínú ọkọ̀. Mo ti lè máa rán aṣọ mi lọ bí wọ́n bá ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí mo gbọ́ tí ọwọ́ dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ kò ké. Mo sáré yọjú, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ọkọ̀, ògiri ṣì jìnnà. Ọkọ̀ ti dúró gbọn-in.

"Kí ló wà lẹ́yìn?" mo gbọ́ ohùn Dẹ̀rẹ́bà.

"Kò sí nǹkan kan."

"Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń gbọ́ mi ni."

Iná pupa tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tàn sára ògiri wọn, ilẹ̀kùn àti gbogbo rẹ̀ pọ́n. Ó wá ní, "Mo ń gbọ́ ọ."

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó jókòó sínú ìdákẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló tún gbé ọwọ́ sókè, ó sì ní kó máa bọ̀.